Níbo ni kí ẹni tí ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí oníṣirò fún ìgbéléwọ̀n?

Olùgbéléwọ̀n Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àjọ kan tó ń ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ lórí ìwé kíkà, mo sì ń kàwé lọ́wọ́ fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìjókòó àpapọ̀ pẹ̀lú àwọn òbí ni mo mọ̀ dáadáa. Mo lè gbọ́ ohun tí èèyàn sọ, kí n tò ó, kí n sì kọ ìròyìn tó yanjú lé e lórí. Ní báyìí, àwọn tó ń fún wa lówó fẹ́ mọ iye tí ètò wa fi kún ìmọ̀ ìwé kíkà àwọn ọmọ, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi náà sì ti sọ pé òun kò ní fọwọ́ sí orí kẹta tí kò bá sí ìṣirò nínú rẹ̀. Ìgbà ìdánwò WAEC ni mo ti fọwọ́ kan ìṣirò kẹ́yìn.

Ìbéèrè mi nìwọ̀nyí: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, èwo nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà ni kí n kọ́, ṣé dandan ni kí n padà lọ kọ́ ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa mọ iye ọmọ tó yẹ kí n dán wò? Ẹnì kan ní kí n kàn sanwó fún àwọn tó ń bá èèyàn ṣe àtúpalẹ̀ dátà lẹ́bàá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á.

Àgbà Olùkọ́:

Àbúrò mi, ó dára tí ọkàn rẹ kò gbà á. Kì í ṣe pé iṣẹ́ àwọn aṣàtúpalẹ̀ yẹn burú. Àwọn kan nínú wọn mọ̀ ju àwa olùkọ́ lọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á ti di ìwé ìbéèrè 400 sínú àpò dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ mọ̀. Tábìlì rẹpẹtẹ á jáde, ìwé á nípọn, ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ chi-square ló lò tí kò lo t-test (ọ̀nà ìṣirò méjì tó yàtọ̀ síra), ẹnu rẹ̀ á wọhò.

Inú ìbéèrè ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kọ ohun tí o fẹ́ mọ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà kí o fi bírò ya tábìlì tí o retí pé yóò dáhùn rẹ̀, pẹ̀lú àkọlé àti àwọn àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí inú àpótí náà ṣófo. Bí o kò bá lè ya tábìlì òfìfo yẹn, ìbéèrè rẹ kò tíì gún. Bí o bá lè yà á, ìwọ fúnra rẹ á rí i bóyá ohun tó yẹ kó wà nínú àpótí jẹ́ ìpíndọ́gba, tàbí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí ìyàtọ̀ láàárín àwùjọ méjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ìṣirò tó yẹ yóò ti fara hàn. Gbogbo orúkọ bàǹtà-banta tó ń dẹ́rù bà ọ́ nínú ìwé kò ju ọ̀nà tí a ń gbà kún àwọn àpótí wọ̀nyẹn lọ.

Ní ti ìṣirò, ìwọ̀nba ni ohun tí o nílò. Kí o mọ ìdá àti ìpín, kí o lè ka ìlà títọ́ lórí àwòrán, kí o mọ̀ pé nínú y = a + bx, b ni iye tí y fi ń pọ̀ sí i nígbà tí x bá fi ẹyọ kan pọ̀ sí i, kí o sì lè ka àmì àròpọ̀ (Σ) láìfòyà. Kò sí calculus nínú ohun tí o fẹ́ ṣe.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń bí mi nínú, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni o wà. Wọn á kọ́ ọ pé kí o fi “Mo gbà gan-an” ṣe 4, “Mo gbà” ṣe 3, “Mi ò gbà” ṣe 2, “Mi ò gbà rárá” ṣe 1, kí o wá ìpíndọ́gba, kí o sì kọ “a gbà” sí iwájú gbólóhùn tó bá ti dé 2.50. Gbé ọgọ́rùn-ún olùkọ́ kalẹ̀. Bí 50 bá mú 4 tí 50 sì mú 1, ìpíndọ́gba jẹ́ 2.50. Bí 50 bá mú 3 tí 50 sì mú 2, 2.50 náà ni. Àwùjọ àkọ́kọ́ ti pín sí ọ̀nà méjì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bára wọn jà. Nínú èkejì, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára. Ìwé àpilẹ̀kọ á kọ ohun kan náà fún àwọn méjèèjì. Nítorí náà, kọ́kọ́ fi iye àwọn tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan hàn, kí o tó sọ̀rọ̀ ìpíndọ́gba kankan. Bí wọ́n bá fi dandan béèrè 2.50 lọ́wọ́ rẹ, fún wọn, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó dá dúró.

Ẹlẹ́dátà:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá. Ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ àkókò nù.

Ẹ lo èyí tí ẹni tó súnmọ́ yín mọ̀, kí ẹ lè rí ẹni bi nígbà tí ọwọ́ bá há. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, R, ètò àtúpalẹ̀ dátà kan, ni màá dábàá. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló ṣe é ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò sì ní nílò ẹ̀dà SPSS tí wọ́n já títì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà kiri tó sì máa ń kó kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà. Stata dára púpọ̀ fún iṣẹ́ ìgbéléwọ̀n, owó rẹ̀ ni kò kéré. Fún gbígba dátà lórí fóònù, KoboToolbox á tó yín.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju orúkọ ètò lọ ni pé kí ẹ máa kọ àwọn àṣẹ yín sínú fáìlì, kí ẹ má kàn máa tẹ bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá yín bá ní “yọ àwọn ọmọ Píráímárì Kejì kúrò kí a tún wò ó”, ẹni tó ní fáìlì àṣẹ á yí ìlà kan padà, iṣẹ́ á tún ara rẹ̀ ṣe láti òkè délẹ̀. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì á tún bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, kò sì ní rántí ohun tó tẹ̀ níjọ́sí. SPSS pàápàá ní ibi tí a ti ń kọ àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í ṣí i.

Ẹ má sì dúró de dátà tiyín kí ẹ tó kọ́ iṣẹ́. Dátà gidi wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí orílẹ̀-èdè wa. Ìwádìí ìdílé onípele-ìpele tí NBS, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ń ṣe pẹ̀lú Báǹkì Àgbáyé, èyí tí à ń pè ní GHS-Panel, bẹ̀rẹ̀ ní 2010 pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 ìdílé. Wọ́n ń padà lọ bá wọn lẹ́yìn ìgbìn àti lẹ́yìn ìkórè, ẹ sì lè gbà á lórí ìkànnì dátà Báǹkì Àgbáyé lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀. NDHS náà wà, ìwádìí ìdílé ní Nàìjíríà tó dá lórí ìlera àti ìbímọ, tí ti 2018 sì fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin 41,821 lẹ́nu wò. Owó ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé DHS ró, ìyẹn ètò tó ń ṣe irú ìwádìí yìí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, dáwọ́ dúró ní 2025, nítorí náà ẹ má gbé gbogbo ìrètí lé orísun kan ṣoṣo. Ẹ mú tábìlì kan nínú ìròyìn tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, kí ẹ sì gbìyànjú láti ṣe é látinú dátà fúnra yín títí nọ́ńbà yín á fi bá tiwọn mu. Mi ò mọ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó yára tó èyí, nítorí pé ìdáhùn wà níwájú yín, kò sì sí ẹni tó máa fi yín ṣẹ̀sín bí ẹ bá kọ́kọ́ kùnà.

Kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan, ẹ to gbogbo iye tó wà nínú òpó (column) kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ fi ojú yín rí èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù. Ẹ jẹ́ ká ní a bi obìnrin mẹ́wàá léèrè iye ọmọ wọn, tí mẹ́sàn-án dáhùn pé 4, 3, 2, 5, 1, 6, 3, 4, 2, tí ẹnì kẹwàá kò sì dáhùn tí wọ́n fi kọ 98 sílẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn inú ìwé ìbéèrè. Àwọn mẹ́sàn-án jọ ní 30 ọmọ, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ 3.3. Bí ẹ bá gbàgbé 98 yẹn síbẹ̀, àròpọ̀ á di 128, ìpíndọ́gba á sì di 12.8. Èyí rọrùn láti rí nínú èèyàn mẹ́wàá. Nínú 5,000, àwọn 98 mélòó kan á kàn ti ìpíndọ́gba yín láti 3.3 dé 3.9, kò sì ní sí ẹni tó máa fura.

Olùgbéléwọ̀n Òṣogbo:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, ẹ ṣeun, Ẹlẹ́dátà. Mo ti ya tábìlì òfìfo náà, mo sì rí i pé ohun tí mo fẹ́ ni ìpíndọ́gba iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè kà láàárín ìṣẹ́jú kan, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ètò wa dé àti àwọn tí kò dé. Àwọn ọmọ Píráímárì Kẹta tó wà ní agbègbè wa tó 2,000. Mo fi fọ́múlà Yamane, èyí tí wọ́n fi ń wá iye ẹni tó yẹ kí a mú, ṣe é, ó fún mi ní 333. Ṣé kí n kàn pín 333 láàárín ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá?

Ìyá Oníṣirò:

Rárá o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí fọ́múlà yẹn ń ṣe ná, nítorí pé ó ti di àṣà láàárín wa débi pé a kì í bi í léèrè ohunkóhun mọ́.

Ohun tí à ń ṣe ni pé a ń fi 1 + N × e² pín N, tí N jẹ́ iye gbogbo àwọn tí ìwádìí kàn, tí e sì jẹ́ ìwọ̀n àṣìṣe tí a lè fara mọ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 0.05. Fún 2,000, ó jẹ́ 333 bí ẹ ṣe rí i. Fún 20,000, ó jẹ́ nǹkan bí 392. Fún 200,000, ó jẹ́ nǹkan bí 399, kò sì sí bí ìlú ṣe lè kún tó tí yóò fi kọjá 400. Ibẹ̀ ni 400 tó kún inú àwọn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa ti wá. Ṣùgbọ́n fọ́múlà náà gbà pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ fẹ́ wọ̀n, pé ìdáhùn lè pín sí ìdajì-ìdajì, àti pé inú àkọsílẹ̀ orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ ti ṣẹ́ kèké mú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá tiyín mu: ìpíndọ́gba ni ẹ fẹ́ wọ̀n, àwùjọ méjì ni ẹ fẹ́ fi wéra, ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹ sì fẹ́ kọ́kọ́ mú kí ẹ tó mú ọmọ.

Ti ẹ̀kẹta yẹn ló burú jù. Àwọn ọmọ tí olùkọ́ kan náà ń kọ́, tí wọ́n ń lo ìwé kan náà, tí òbí wọn ń ná ọjà kan náà, máa ń jọra wọn. Bí ẹ bá ti gbọ́ bí mẹ́jọ ṣe kàwé, ìkẹtàdínlógún kò ní kọ́ yín ní nǹkan tuntun púpọ̀. Àwọn oníṣirò ń pe ìwọ̀n ìjọra yìí ní intraclass correlation, ẹ jẹ́ ká pè é ní ρ. Iye tó ń fi ìnira kún iṣẹ́ yín jẹ́ 1 + (m − 1) × ρ, tí m jẹ́ iye ọmọ tí ẹ mú nínú ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní 400 ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ 20, ìyẹn ogún-ogún. Bí ρ bá jẹ́ 0.2, tí kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́, iye náà jẹ́ 1 + 19 × 0.2, ìyẹn 4.8. Ẹ fi pín 400, ẹ ó rí 83. Gbogbo wàhálà ẹ̀yin àti 400 ọmọ, bí ìmọ̀ 83 tí ẹ ṣẹ́ kèké mú lọ́kọ̀ọ̀kan ni ẹ rí. Bí ẹ bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ 40, tí ẹ mú ọmọ mẹ́wàá-mẹ́wàá, 400 náà ni, ṣùgbọ́n iye náà á já sí 2.8, ẹ ó sì rí nǹkan bí 143. Nítorí náà, iye ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi owó yín rà, kì í ṣe iye ọmọ nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá kéré jù, kódà bí ẹ bá dán gbogbo ọmọ inú wọn wò.

Fún iye gan-an, ẹ ó ní láti mọ ìyàtọ̀ tó kéré jù lọ tó lè mú kí ètò yín yẹ ní nínáwó lé, àti bí àwọn ọmọ ṣe yàtọ̀ síra tó nínú ìwé kíkà. Ẹ ó rí èkejì nínú ìdánwò kékeré tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe. Àkọ́kọ́ kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan. Ẹ̀yin àti àwọn olówó yín ni kí ẹ jókòó sọ ọ́. Bí ẹ bá ti ní méjèèjì, ẹ lọ bá àwọn yàrá ìrànlọ́wọ́ statistics tó wà ní àwọn yunifásítì. Yunifásítì Ìbàdàn ní ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ UI-LISA. Ẹ lọ kí ẹ tó gba dátà, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tó bá ti bàjẹ́ tán.

Afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo máa ń wà ní pápá náà sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí Ìyá Oníṣirò sọ wà lórí ìgbàgbọ́ pé ẹ ṣẹ́ kèké lóòótọ́. Ẹ dé ilé-ẹ̀kọ́ kan láàárọ̀, ọ̀gá àgbà á ti to àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù lọ sí ìjókòó iwájú, wọ́n ti wẹ̀, aṣọ wọn mọ́, á sì ní “àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀”. Kì í ṣe ẹni burúkú. Àlejò ló ń ṣe. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ kíláàsì. Bí orúkọ 48 bá wà níbẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ ọmọ mẹ́jọ, ẹ ṣẹ́ kèké láàárín 1 sí 6; bí 4 bá jáde, ẹ mú ẹni kẹrin, ẹ mú ẹni kẹwàá, ẹ mú ẹni kẹrìndínlógún, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìgbẹ̀yìn. Ọmọ tí kò wá sílé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá, ẹ má fi ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ láìkọ ọ́. Àwọn tí kì í wá sílé-ẹ̀kọ́ déédéé yàtọ̀ sí àwọn tó ń wá, ìyàtọ̀ náà sì wà lára ohun tí ẹ ń wá.

Bí ìdánwò bá jẹ́ kíkà sókè, ẹ jẹ́ kí àwọn olùdánwò méjì jọ gbọ́ ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkálukú kọ máàkì tirẹ̀ láìwo ti ẹnì kejì, kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ẹni tó láàánú ọmọ á gba “ọkọ̀” fún “ọkọ́”, ẹlòmíràn kò ní gbà. Bí ẹ kò bá ti yanjú èyí nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ẹ ó pè ní ìyàtọ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ méjì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín olùdánwò méjì.

Ìbéèrè tí ẹ bá fẹ́ bi òbí náà gba ọgbọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ìwádìí ìdílé, bí ẹ bá ya àwòrán ọjọ́ orí àwọn àgbàlagbà, ẹ ó rí i pé ó ga fíofío ní 30, 40, 50 àti 60, ó tún ga díẹ̀ ní 35 àti 45, tí 41 àti 43 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́. Ìṣirò tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni wọ́n ṣe. Ní ti iye ọmọ, gbogbo wa mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ wo bí ìwé ìbéèrè DHS ṣe rìn yí i ká: wọ́n á béèrè iye ọmọkùnrin tó ń bá ìyá gbé, iye ọmọbìnrin tó ń bá a gbé, àwọn ọkùnrin tó wà níbòmíràn, àwọn obìnrin tó wà níbòmíràn, lẹ́yìn náà àwọn tí wọ́n ti di olóògbé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló ń ro ó pọ̀ nínú ìwé tirẹ̀, á wá bi ìyá bóyá iye náà rí bẹ́ẹ̀. Ó gùn, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kò ní sọnù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tẹ́lẹ̀ á ta àwọn oníṣirò yọ níbí, ẹ má fojú kéré ìmọ̀ yẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní London:

Ẹ̀gbọ́n Afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ìhà ìgbéléwọ̀n gan-an ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé èèyàn lè díwọ̀n nǹkan dáadáa kó má sì mọ̀ bóyá ètò òun ló fa ìyípadà.

Ẹ ní ẹ fẹ́ fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ètò dé wé àwọn tí kò dé. Ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé kí ló dé tí ètò fi dé àwọn kan tí kò dé àwọn mìíràn? Bó bá jẹ́ pé àwọn tí ọ̀nà wọn dára, tàbí tí ọ̀gá àgbà wọn jẹ́ akínkanjú, ni ẹ kọ́kọ́ lọ bá, ìyàtọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó dé.

Nílùú tí mo wà yìí, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ John Snow ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kọ́lẹ́rà 1854. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń ta omi ní apá kan gúúsù London, páìpù wọn sì gba àdúgbò kan náà kọjá, débi pé ilé méjì tó fara kanra lè máa mu omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olówó àti tálákà bákan náà. Southwark and Vauxhall ń fa omi láti ibi tí ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn sí nínú odò Thames. Lambeth ti gbé ibi tí ó ti ń fa omi lọ sí òkè odò ní 1852. Snow lọ láti ilé dé ilé àwọn tó kú láti mọ omi tí wọ́n ń mu. Nínú 40,046 ilé tí Southwark and Vauxhall ń fún lómi, èèyàn 1,263 ló kú. Nínú 26,107 ti Lambeth, 98. Ìyẹn 315 nínú 10,000 ilé, sí 37. Pínpín lásán ni ìṣirò tó lò. Ohun tó mú kí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára ni pé kò sí ohun mìíràn tó ya àwọn ilé náà sọ́tọ̀ ju omi lọ.

Bí ètò yín kò bá lè dé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, oore ni fún yín. Nígbà tí Edward Miguel àti Michael Kremer, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ń wo ipa oògùn aràn lára àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Busia, ní Kẹ́ńyà, wọ́n pín ilé-ẹ̀kọ́ 75 sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdá kan bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ìkejì ní 1999, ìkẹta ní 2001. Gbogbo wọn ló gba oògùn níkẹyìn, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì ń dúró ni wọ́n fi wé àwọn tó ti gbà. Ẹ ṣẹ́ kèké ní gbangba, níwájú àwọn ọ̀gá àgbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ ṣe ojúsàájú.

Bí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí kèké kò sì ṣeé ṣẹ́ mọ́, ẹ wọn àwùjọ méjèèjì ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ní àwọn ọmọ tiyín kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ 22 ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n sì dé 35 lópin ọdún. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ láti 24, wọ́n dé 31. Àwọn tiyín fi 13 gòkè, àwọn tó kù fi 7 gòkè láìsí ètò kankan, nítorí pé ọmọ ń dàgbà, olùkọ́ sì ń kọ́ wọn. 6 ni ẹ lè sọ pé ó jẹ́ ti ètò yín. Bí ẹ bá kéde 13 fún àwọn olówó, ẹ ti gba iṣẹ́ àwọn olùkọ́ mọ́ tiyín.

Àgbà Olùkọ́:

Ọmọ Ẹ̀gbá, o ṣeun, ṣùgbọ́n 6 yẹn kò dúró àfi bí a bá lè gbà pé láìsí ètò, àwọn ọmọ méjèèjì ì bá máa gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Ìgbàgbọ́ ni, dátà ọdún kan ṣoṣo ṣáájú kò sì lè fi hàn. Bí àbúrò wa bá lè rí èsì ìdánwò ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ètò nínú ìwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ó ya àwòrán ìlà méjèèjì, kí ó sì wò ó bóyá wọ́n ń rìn pọ̀.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa ni ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ UPE, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, ní 1976, wọ́n sì kọ́ kíláàsì káàkiri, ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn ti ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ láti 1955 lábẹ́ ìṣàkóso Awólọ́wọ̀. Nítorí náà, ohun tí 1976 yí padà ní ìpínlẹ̀ wa kò tó ohun tó yí padà níbòmíràn. Una Osili àti Bridget Long, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, lo ìyàtọ̀ yìí, láàárín agbègbè àti láàárín àwọn tó tó ọjọ́ orí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà àti àwọn tó ti dàgbà jù, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n sì rí i pé ọdún kan tí obìnrin bá fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń dín iye ọmọ tó ń bí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kù ní nǹkan bí 0.26. Wọn kò ṣẹ́ kèké kankan. Ìtàn ìlú ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí ìtàn náà ti ya àwùjọ méjì sọ́tọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé 1955 ṣẹlẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bó ti wù kó mọ Stata tó.

Ẹlẹ́dátà:

Kí ọ̀rọ̀ p-value má bàa di ohun tí a fò: 0.05, ààlà p-value tí oníṣirò Ronald Fisher sọ di gbajúmọ̀ láti 1925, kì í ṣe òfin. P-value kékeré ń sọ bí irú dátà yìí ṣe máa ṣọ̀wọ́n tó bó bá jẹ́ pé ètò kò ní ipa kankan. Kò sọ pé ipa náà tóbi, kò sì sọ pé ó dájú. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò Amẹ́ríkà kọ èyí sílẹ̀ kedere ní 2016. Ẹ kọ iye ìyàtọ̀ náà, 6 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ibi tó lè kéré dé àti ibi tó lè pọ̀ dé, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà láti fi hàn pé p-value rẹ̀ kéré.

Olùgbéléwọ̀n Òṣogbo:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lórí ṣíṣẹ́ kèké fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ètò máa dé ní ọdún tó ń bọ̀, kò kọ̀ ọ́. Ní báyìí mo ń fi NDHS 2018 kọ́ṣẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo gbìyànjú láti ṣe tábìlì ìpele ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí mo rí kò bá ti inú ìròyìn mu rárá, mo sì ti yẹ 98 wò. Kí ló kù?

Ẹlẹ́dátà:

Ìwọ̀n tí wọ́n fi fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ló kù. Wọ́n mú àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí ìpínlẹ̀ kékeré náà fi máa ní èèyàn tó láti ṣírò, nítorí náà obìnrin kan láti Èkó ń ṣojú fún ọ̀pọ̀ ju obìnrin kan láti ìpínlẹ̀ tí èèyàn rẹ̀ kò pọ̀ lọ. Bí ẹ bá kà wọ́n sí ọgbọọgba, Èkó á kéré ju bó ṣe yẹ lọ nínú nọ́ńbà yín. Òpó tí ẹ nílò ni v005. Ẹ fi 1,000,000 pín in kí ẹ tó lò ó. V021 ni agbègbè tí wọ́n ti mú wọn, v022 sì ni ìpín tí agbègbè náà wà nínú rẹ̀. Nínú R, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé package (àkójọ àṣẹ àfikún) “survey” wọlé:

dhs$wt <- dhs$v005 / 1000000
ap <- svydesign(ids = ~v021, strata = ~v022, weights = ~wt, data = dhs)
svymean(~factor(v106), ap)

V106 ni ìpele ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá lo “Weight by” lásán nínú SPSS, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún á tọ̀nà, ṣùgbọ́n standard error, ìwọ̀n àìdánilójú nọ́ńbà náà, á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ohun tí Ìyá Oníṣirò ti sọ nípa àwọn tó wà lójú kan. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú tábìlì ẹ̀kọ́ inú ìròyìn náà, torí pé ó máa ń ya àwọn tó ka ìpele kan tán sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú tábìlì yẹn ni ẹ ń wò, v149 ni kí ẹ lò dípò v106. Bí ó bá ṣì yàtọ̀, ẹ wò ó bóyá gbogbo obìnrin 41,821 ni ẹ kà tàbí àwọn tó wà nílé ọkọ nìkan, kí ẹ wá lẹ fáìlì àṣẹ yín síbí kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.